Dátà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò rìn: ta ló ń jẹ ìpín ta?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní South Gate, lẹ́bàá FUTA níbí ní Àkúrẹ́, ránṣẹ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí n wá bá àwọn parí ìjà. Bọ̀dá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo rò pé owó iná ni wọ́n ń jà lé lórí. Àṣé Wi-Fi ni. Gbogbo wọn ló dá owó ra ráútà, iye kan náà ni wọ́n sì ń dá fún dátà lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀kan nínú wọn á máa wo fíìmù láìsí ìdíwọ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa pariwo "Hẹlóò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí ìpàdé á fi tú, ọmọbìnrin tó wà ní yàrá ìkángun ò sì ní lè ṣí ojú ewé kan ṣoṣo. Wọ́n ti pe ẹni tó ń wo fíìmù lólè. Òun náà ti búra pé òun ò jí nǹkan kan, òun kàn tẹ fídíò ni, ó sì ń lọ.

Ìjà ọmọdé lásán kọ́ nìyẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń ṣèwádìí lórí ohun kan náà: báwo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè jọ lo ọ̀nà kan, kí ọ̀nà yẹn yá, kó má ṣègbè, kó má sì já wọn kulẹ̀? Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ nísinsìnyí torí pé láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àjọ NCC tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó tó tó 50% lé iye tí wọ́n ń gbà, inú ń bí gbogbo wa. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, ohun tí à ń gbọ́ ni pé "nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ò dáa". Òótọ́ ni, àmọ́ ẹjọ́ tí a bá rò báyẹn kò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́: ṣé páìpù ló há ni, ṣé ẹnì kan ló ń jẹ ìpín ẹlòmíràn ni, àbí ọ̀nà ló já?

Ẹ jẹ́ ká fi omi bọ́ọ̀hòlù ṣe é. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń polówó fún wa ni bí páìpù ṣe fẹ̀ tó: mẹ́gábíìtì 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 50, 100. Páìpù tó fẹ̀ dára, ó ń kún garawa kíákíá. Àmọ́ kì í sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí omi àkọ́kọ́ tó kán sínú garawa yín lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ. Ìyẹn wà lọ́wọ́ bí táńkì ṣe jìnnà tó, àti iye èèyàn tó ti tò síwájú yín. Nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdúró yìí ni mo máa ń pè ní àkókò àlọ-àbọ̀: ìgbà tí ìbéèrè bá kúrò lórí fóònù yín títí ìdáhùn á fi padà dé. Mílísẹ́kọ́ǹdì la fi ń wọ̀n ọ́, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló sì wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àlọ-àbọ̀ yìí ní apá kan tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nǹkan kan sí. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àkúrẹ́ sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà, nítorí náà àlọ-àbọ̀ rẹ̀ lórí fáíbà kò ju mílísẹ́kọ́ǹdì 3 lọ. Láti Èkó gba abẹ́ òkun lọ sí Pọ́túgà tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì 70 lálọ lábọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà á fi díẹ̀ kún un, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti fóònù á fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá wá wọ̀n ọ́ tó jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 900 ní alẹ́, tó sì jẹ́ 110 ní ìdájí, òkun ò gùn sí i láàárín ọ̀sán sí òru. Ìlà ni. Àwọn ẹrù yín ń dúró níbì kan lẹ́yìn ẹrù ẹlòmíràn. Àjọ ITU, tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ohùn bá pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ ní àlọ nìkan, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ni èèyàn lára. Ìdí nìyẹn tí ọmọ South Gate wa ṣe ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu nígbà gbogbo, tí wọ́n sì rò pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ibo ni ìlà yìí ti ń wá? Gbogbo ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń gé wẹ́wẹ́, tó ń dì í sínú àpò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì, bí àgbẹ̀ Ìdànrè ṣe ń di kòkó sápò kó tó gbé e sọ́kọ̀. Àpò kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí àpò bá pọ̀ ju ohun tí ọ̀nà lè gbà lọ, wọ́n á tò. Bí ibi tí wọ́n ń tò bá kún, èyí tó bá dé lẹ́yìn á dà nù, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á sì tún òmíràn fi ránṣẹ́.

Àtúnfiránṣẹ́ yẹn gan-an ló fẹ́ pa íntánẹ́ẹ̀tì ní kékeré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ọ̀nà tó so ilé ìwádìí Lawrence Berkeley mọ́ yunifásítì California ní Berkeley, tí àárín wọn kò tó irinwó mítà, ṣubú láti 32,000 bíìtì sí 40 bíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ogójì péré! Wáyà ò já, ẹ̀rọ ò jóná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí àpò bá ti dà nù, gbogbo kọ̀ǹpútà á sáré tún un fi ránṣẹ́, ìyẹn á tún mú kí púpọ̀ sí i dà nù, wọ́n á sì tún sáré fi ránṣẹ́. Ẹ ti rí irú rẹ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ọkọ̀ ní oríta, tí olúkúlùkù sì ń ti imú ọkọ̀ rẹ̀ bọ àárín títí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè yí padà mọ́.

Van Jacobson àti Mike Karels ló jókòó ti ìṣòro náà, wọ́n sì gbé ojútùú rẹ̀ jáde ní ọdún 1988. Wọ́n kọ́ TCP, ìyẹn òfin ìrìnnà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní ìwà pẹ̀lẹ́. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, máa fi àpò kan kún un ní àlọ-àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí i pé àpò kan dà nù, dín ìwọ̀n rẹ kù sí ìdajì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ là ń fi kún un, tó sì jẹ́ ìdajì là ń gé? Dah-Ming Chiu àti Raj Jain dáhùn rẹ̀ ní 1989, ó sì wà lára ohun tó wù mí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ mú ẹni méjì, ọ̀kan ń jẹ 16, èkejì ń jẹ 4. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 12. Bí àwọn méjèèjì bá fi ẹyọ kan kan kún tiwọn, àlàfo náà ṣì jẹ́ 12, kò sún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá kún tí àwọn méjèèjì gé tiwọn sí ìdajì, àlàfo á di 6. Ìgbà kejì, á di 3. Ẹni tó ní púpọ̀ ló ń pàdánù púpọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe é lọ báyẹn, láìpẹ́ wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, láìsí pé ẹnikẹ́ni bá wọn pín in.

Raj Jain yìí náà pẹ̀lú Chiu àti William Hawe ti kọ́kọ́ wá bí a ṣe lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo wọn ìdọ́gba, ní ọdún 1984. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ ro ìpín gbogbo èèyàn pọ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye èèyàn. Ẹ wá fi èkejì pín èkíní. Ká ní ẹni mẹ́rin ló ń pín mẹ́gábíìtì 20. Bí kálukú bá rí 5, èsì rẹ̀ á jẹ́ 1, ìdọ́gba pátápátá. Bí ẹnì kan bá gba 17, tí àwọn mẹ́ta yòókù ń rí 1, 1, 1, á já sí 0.34. Bí ẹnì kan bá gba gbogbo rẹ̀, ó di 0.25. Mo fi ìwé àti bírò ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ yẹn lójú wọn. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, torí wọ́n ti rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìrẹ́jẹ ṣeé wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìpín ta là ń kà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

TCP kò mọ èèyàn. Ohun tó mọ̀ ni àsopọ̀, ìyẹn okùn kọ̀ọ̀kan tó so ètò kan lórí kọ̀ǹpútà yín mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ padà sídìí bọ́ọ̀hòlù. A ní kí kálukú pọn garawa kan, kó lọ tò lẹ́yìn. Màmá kan wá rán ọmọ márùn-ún pẹ̀lú garawa márùn-ún, aládùúgbò rẹ̀ sì dá nìkan wà. Kò sẹ́ni tó rú òfin ìlà. Garawa márùn-ún nínú mẹ́fà lọ sílé kan náà. Ní ọdún 2007, Bob Briscoe kọ ìwé gbígbóná kan lórí èyí: ó ní òfìfo ni ìdọ́gba tí à ń pè ní ìdọ́gba àsopọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó bá fẹ́ bá lè ṣí àsopọ̀ tó wù ú, tó sì lè máa lò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo wo ẹ̀rọ ẹni tó ń wo fíìmù, fídíò tó ń wò kọ́ ni ìṣòro. Torrent ló wà lẹ́yìn, tó ń fa fíìmù mìíràn sílẹ̀ láìjẹ́ pé òun gan-an rántí pé ó ń ṣiṣẹ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ṣí ọgbọ̀n àsopọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìpàdé ẹnìkejì rẹ̀ bá ní ẹyọ kan, ọgbọ̀n ìpín nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti lọ. Kò jalè lóòótọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ló rán lọ sídìí omi.

Ti ọmọbìnrin yàrá ìkángun tún yàtọ̀. Ó jìnnà sí ráútà, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín, nítorí náà ohùn Wi-Fi rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ní láti máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó lè gbọ́ ohun tó ń bọ̀. Wi-Fi àtijọ́ máa ń pín ààyè ní àpò kan sí ẹnì kan, bíi garawa kan sí ẹnì kan. Ẹ wá ro ó: bí ẹnì kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ há wá, ẹyọ kan lòun náà ń pọn, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò ìlọ́po mẹ́wàá. Gbogbo ìlà á dúró dè é. Ní ọdún 2003, Martin Heusse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, fi hàn pé bí kọ̀ǹpútà kan bá ń sọ mẹ́gábíìtì 1 láàárín àwọn tó ń sọ 11, ẹni yẹn á fa gbogbo wọn wálẹ̀ sísàlẹ̀ 1. Ìdọ́gba tó ń sọ gbogbo ilé di tálákà nìyẹn. Àtúnṣe tó dé bá a ní 2017 nínú Linux, ìyẹn ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ ráútà àti kọ̀ǹpútà, ni pé kí wọ́n máa pín àkókò dípò àpò: lo ìṣẹ́jú rẹ, ohun tí o bá rí pọn nínú rẹ̀ ni tìrẹ. Ní ilé South Gate, ohun tó rọrùn jù ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo yọ ráútà kúrò nínú yàrá ẹni tó bá wọn rà á wá, mo gbé e kọ́ sórí ògiri pásééjì.

Ìyẹn nìkan ò tíì yanjú "Hẹlóò, ṣé ẹ ń gbọ́ mi". Èyí tó kù ni àìsàn tí Jim Gettys ṣàwárí nínú ilé ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010, tó sọ ní bufferbloat. Àwọn tó ń ṣe ráútà rò pé àpò tó ń dà nù ni ìṣòro, nítorí náà wọ́n fi ibi ìdúró ńlá sínú ẹ̀rọ kí nǹkan kan má baà dà nù. Ẹ wo báńkì tí gbọ̀ngàn rẹ̀ kéré: bí ó bá kún, ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà á rí i, á sì yà síbòmíràn. Bí gbọ̀ngàn bá wá tóbi bíi pápá ìṣeré, tó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ló ń sanwó, gbogbo èèyàn á wọlé, gbogbo èèyàn á sì lo ọjọ́ náà tán níbẹ̀. TCP, tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá dà nù ló ń mọ̀ pé ó yẹ kóun fara balẹ̀, ò ní gbọ́ nǹkan kan. Á máa kó ẹrù dé. Ìṣirò rẹ̀ rèé: bí ọ̀nà tí ẹ fi ń ránṣẹ́ jáde bá jẹ́ mẹ́gábíìtì 1, tí ibi ìdúró ráútà sì gba kílóbáìtì 256, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 2, ó di odindi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ tó kúrò nílé. Ẹ ò tíì dé Ìlẹ̀ṣà, ká má tíì sọ ti Èkó.

Kathleen Nichols àti Van Jacobson yìí kan náà ló gbé CoDel jáde ní ọdún 2012. CoDel kì í ka iye àpò tó wà lórí ìlà, bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ló ń wò. Bí ìdúró bá ju mílísẹ́kọ́ǹdì 5 lọ fún odindi mílísẹ́kọ́ǹdì 100, á bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀kọ̀ọ̀kan nù láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń kó ẹrù wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ èrò àtijọ́ kan tí John Nagle ti sọ ní 1985, tí Demers, Keshav àti Shenker sì tún ṣe dáadáa ní 1989: kí oníkálukú ní ìlà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ máa mú ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, yípo yípo. FQ-CoDel ni orúkọ àdàpọ̀ náà, ó sì di ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà tí owó rẹ̀ ò wọ́n, àmọ́ wọn kì í sábà tàn án fún wa. Mo tàn án fún wọn, mo ní kó máa ka ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí ẹnì kan dípò àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì dín ìwọ̀n tí ráútà ń gbé jáde kù díẹ̀ sí ohun tí ilé-iṣẹ́ ń fún wọn, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ wa ni ìlà á wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, torrent ń lọ, ìpàdé ń lọ. Dátà tí wọ́n rà ò pọ̀ sí i pẹ̀lú ẹyọ bíìtì kan.

Bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí ráútà inú pásééjì ò lè ṣe. Ọ̀nà jíjìn wà lára wọn, ó sì dùn mí fún àwa tí a kò gbé nítòsí òkun. Matthew Mathis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1997 pé eré tí àsopọ̀ TCP kan lè sá ń dín kù bí àlọ-àbọ̀ rẹ̀ bá ṣe gùn tó, àti bí àpò rẹ̀ bá ṣe ń dà nù tó. Bí a bá fi nọ́ńbà sí i: bí àlọ-àbọ̀ bá jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 120, bí ó ṣe máa ń rí láti ibí lọ sí Yúróòpù, tí àpò 1 nínú 100 sì ń dà nù lójú ọ̀nà, àsopọ̀ kan kò ní lè kọjá nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 1.2, bí ẹ tilẹ̀ ra 50. Ẹni tí àlọ-àbọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 30, tí àdánù rẹ̀ sì rí bákan náà, á rí tó ìlọ́po mẹ́rin yín. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ há sí ẹnu ọ̀nà kan, òun ni TCP ń fi ojú rere hàn sí, torí pé ìdáhùn tètè ń dé bá a, ó sì ń tètè fi kún tirẹ̀. A ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí a ń gbé ló jìnnà.

Èyí ló fà á tí fídíò YouTube fi ń lọ geere ní Àkúrẹ́ nígbà tí ojú òpó yunifásítì kan lókè òkun ń yí, tó ń yí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti gbé ẹ̀dà ohun tí wọ́n ń tà wá sí Èkó, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Ohun tí kò bá ní olówó tó lè gbé e wá, á ṣì máa sọdá òkun. Google tún mú ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ BBR jáde ní 2016, tí kì í dúró de kí nǹkan dà nù kó tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó sì dára gan-an fún ọ̀nà tó jìn tó sì ń da ẹrù nù. Àmọ́ àwọn olùwádìí rí i láìpẹ́ pé bí BBR bá pàdé CUBIC, tó jẹ́ òfin TCP tí Linux ń lò láti ọdún 2006, ó lè gba ju ìpín tirẹ̀ lọ. Wọ́n ti tún un ṣe léraléra láti ìgbà náà.

Gbogbo èyí dá lórí pé ọ̀nà ṣì wà. Kí la fẹ́ ṣe nígbà tó bá já?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì dákẹ́ ní Nàìjíríà, tíráńsífà dúró, àwọn ará Gánà náà wà nínú òkùnkùn íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà mẹ́rin, ìyẹn ò dà bí ohun tó kéré. Ìṣirò ìgbẹ́kẹ̀lé ló kọ́ wa bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá ń ṣiṣẹ́ ní 99% ìgbà, ó dùn létí, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni yóò fi kú lọ́dún. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ méjì tí ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn, ìgbà tí àwọn méjèèjì á jọ kú kò ní tó wákàtí kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn dúró lórí pé ohun tó pa ọ̀kan kò ní lè pa èkejì. Bí wọ́n bá jọ gba ojú ilẹ̀ òkun kan náà kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó lórí ìwé. Paul Baran ti ṣàlàyé láti 1964 pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá fẹ́ wà láàyè gbọ́dọ̀ dà bí àwọ̀n ẹja, kí ojú kan já, kí ìyókù ṣì máa di ara wọn mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní síìmù méjì, ẹ fọkàn sí èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa ń háyà òpó kan náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, jẹnẹrétọ̀ kan náà ló ń gbé wọn, nígbà míràn fáíbà kan náà ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà gé fáíbà ní àdúgbò wa. Mo bọ́ síìmù kan, mo fi èkejì sí i, òkú ni àwọn méjèèjì. Aṣọ méjì tí a sá sórí okùn kan ni.

Lórí ilẹ̀, irú èyí ló ń pa wá jù. NCC ka 19,384 ìgbà tí fáíbà já ní Nàìjíríà láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ ọdún 2025 nìkan, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà sì wà lára àwọn tí àjọ náà ń dárúkọ jù. Ní 2024 ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú ohun èlò wọ̀nyí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, tí bíbà á jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n katakata ò ka ìwé àṣẹ. Ohun tí mo máa ń fẹ́ rí ni kí ẹni tó gba iṣẹ́ ọ̀nà àti ẹni tó ni wáyà jọ rìn lójú ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ sì wo bí nǹkan ṣe so kọ́ra. Bí iná òpó bá dúró ní 99%, tí ẹ̀rọ orí òpó dúró ní 99%, tí fáíbà náà dúró ní 99%, tó sì jẹ́ pé ẹ nílò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, 97% ló kù fún yín. Ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dún. Màmá oní-POS tó wà ní Arákàlẹ̀ ò lè fi ọjọ́ mọ́kànlá tọrẹ.

NCC ti ṣòfin pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dàrú gan-an tó sì kọjá wákàtí 24, kí ilé-iṣẹ́ san nǹkan padà fún oníbàárà, ó kéré tán kó fi ọjọ́ kún dátà rẹ̀. Ìgbésẹ̀ gidi ni, mo sì yìn wọ́n fún un. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí wọ́n ń kà sí "dàrú gan-an". Lára ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé kó kan ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí kí òpó tó tó ọgọ́rùn-ún kú. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí Ìjokà nìkan bá wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ̀n yẹn ò rí i. Bákan náà ni nọ́ńbà àárín tí wọ́n ń tẹ̀ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀: ó lè dára sí i lọ́dọọdún nígbà tí abúlé kan lọ́nà Ìdànrè ò kúrò lójú kan. Ìṣirò Raj Jain tí mo ṣe lórí ìwé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣeé ṣe fún àdúgbò sí àdúgbò. Mo fẹ́ kí àjọ náà máa tẹ èsì rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré, kí wọ́n sì máa tẹ àlọ-àbọ̀ nígbà tí ọ̀nà bá kún jáde pẹ̀lú, kí a yéé máa ra fífẹ̀ páìpù nìkan.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ wọ̀n àlọ-àbọ̀ yín ní ìdájí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́ lálẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá ń fa nǹkan ńlá sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, tó sì lọ nígbà tí ẹ bá dá ẹni yẹn dúró, inú ráútà yín ni ìlà wà. Bí kò bá lọ, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ló wà. Ẹ kọ aago àti nọ́ńbà sílẹ̀ kí ẹ tó pè wọ́n. Mo ti rí i pé ẹni tó bá sọ pé "mílísẹ́kọ́ǹdì 110 ní aago márùn-ún ìdájí, 900 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra" kì í gba èsì kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Ní South Gate, ìjà àkọ́kọ́ ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó ní òun ṣe tán láti máa dá owó ìlọ́po méjì, kí ráútà sì máa fún òun ní ìpín méjì. Ó ṣeé ṣe, Frank Kelly ti fi ìṣirò hàn ní 1998 bí a ṣe lè pín ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ohun tí kálukú bá ṣe tán láti san, ẹ̀rọ náà sì ní ibi tí a ti ń yí i. Ọmọbìnrin yàrá ìkángun ní bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó jù ni yóò máa sùn lórí ráútà títí wọn á fi jáde ilé-ìwé. Wọ́n ti ṣe ìpàdé lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ìpín ọgbọọgba ló ṣì wà níbẹ̀ di báyìí, wọ́n sì ní kí n má tíì fọwọ́ kàn án.